Bonnotte: bí ẹ ṣe lè rà á, bí ẹ ṣe lè sè é, kí owó yín má bàa wọgbó

Kò sẹ́ni tó ń ra pọ̀tétò ní 500 yúrò kílò kan lójú ọjà. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ìyẹn síwájú, nítorí gbogbo ìgbà tí oṣù karùn-ún bá ti ń wọlé ni fídíò yẹn máa ń ká gbogbo WhatsApp: ọwọ́ òyìnbó kan, pọ̀tétò kéékèèké márùn-ún nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ìlù tó ń dún kì-kì-kì lẹ́yìn, “pọ̀tétò tó wọ́n jù lágbàáyé, 500 yúrò kílò kan.” Ká tó wí ká tó fọ̀, ìpè á ti bẹ̀rẹ̀ láti Kétu, láti Kútọnu, láti Ìbàdàn pàápàá: “Ìyá Ayọ̀, ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nítòsí ibẹ̀, ṣé ẹ ti jẹ ẹ́ rí?” Mo ti jẹ ẹ́. Nantes nílẹ̀ Faransé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìdáná, mo máa ń sè é fáwọn oníbàárà nílé oúnjẹ wa, mo sì máa ń fi owó ara mi rà á wá sílé. Torí náà, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa.

Bonnotte lorúkọ rẹ̀. Erékùṣù Noirmoutier ni wọ́n ti ń gbìn ín, létí òkun Àtìláńtíìkì, ní agbègbè Vendée lápá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Faransé. Ibi tí 500 yúrò inú fídíò ti wá rèé. Lọ́dún 1996, wọ́n kó díẹ̀ lára èyí tó kọ́kọ́ jáde lọ sí ilé gbàǹjo Drouot ní Párísì. Owó gun orí owó títí tó fi dé 3,000 fúráǹkì sí kílò kan. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí yúrò, nǹkan bíi 457 ni. Gbàǹjo lèyí o, níbi tí olówó ti ń fi owó ko olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú, táwọn oníwèé ìròyìn sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń ta àtaré ìròyìn yìí láti ẹnu dé ẹnu, wọ́n ń fi díẹ̀ lé e, ó sì wá di iye ọjà. Lórí àtẹ, yúrò mélòó kan ni kílò rẹ̀. Ó wọ́n ju pọ̀tétò inú àpò ńlá lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ bíi tèmi lè rà á lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láìjẹ gbèsè.

Kí ló wá mú un wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Àsìkò àjọ̀dún Chandeleur, ọjọ́ 2 oṣù kejì, ni wọ́n máa ń gbìn ín, nígbà tí òtútù ṣì ń ta ká gbogbo ilẹ̀. Òkun tó yí erékùṣù náà ká ni kì í jẹ́ kí òtútù ibẹ̀ le bíi ti àárín ilẹ̀. Yanrìn ni ilẹ̀ oko wọn, koríko òkun tí ìgbì gbé wá sétí omi ni wọ́n sì fi ń ṣe ajílẹ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí 90 ọjọ́ lẹ́yìn náà, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, wọ́n á wà á. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, lórí ìnàró àti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pọ̀tétò yìí máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò rẹ̀ pinpin, èèpo rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé ẹ̀rọ á bó o sílẹ̀ kó tó dénú apẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Nígbà táwọn àgbẹ̀ erékùṣù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, wọ́n yan àwọn irú pọ̀tétò tó lè fara da á, wọ́n sì pa Bonnotte tì. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tún gbé e dìde, gbàǹjo 1996 yẹn sì jẹ́ ọ̀nà kan tí wọ́n fi pariwo fún ayé pé ó ti padà dé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò tíì pọ̀. Pọ̀tétò tí erékùṣù náà ń mú jáde lọ́dún lé ní 10,000 tọ́ọ̀nù. Bonnotte tó wà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 100 tọ́ọ̀nù lọ.

Ní báyìí, ẹ fetí sí ohun tó ṣe pàtàkì jù, nítorí òun ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ kù dúró lé lórí. Pọ̀tétò tí kò tíì gbó ni Bonnotte tí wọ́n ń tà yìí. Wọ́n wà á nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ṣúgà inú rẹ̀ kò tíì di sítáàṣì tán, omi pọ̀ lára rẹ̀, èèpo rẹ̀ kò tíì yi. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ló mú un dùn, àwọn kan náà ló ń mú un tètè bàjẹ́. Láti wákàtí tó ti kúrò nínú yanrìn ni adùn rẹ̀ ti ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ lẹ ń rà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó bá ra Bonnotte tó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú yàrá òtútù ilé ìtajà, tó wá tún gbé e sínú fíríìjì tirẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i, orúkọ ló rà, orúkọ náà ló sì máa jẹ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù karùn-ún ni kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Ó lè yẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí, àkókò tó sì fi ń wà lọ́jà kò gùn rárá. Bí ẹnikẹ́ni bá na Bonnotte tútù sí yín lóṣù kejìlá, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Ibi tí ojú àwọn èèyàn ti máa ń rí nǹkan mìíràn ni ara àpótí. Wọ́n á kọ “Noirmoutier” gàdàgbà, wọ́n á ya àwòrán òkun àti oòrùn sí i, wọ́n á wá kọ orúkọ irú pọ̀tétò náà wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀: Sirtema, Lady Christl, Charlotte. Kò sẹ́ni tó purọ́ fún yín níbẹ̀. Ọmọ erékùṣù náà ni gbogbo wọn, wọ́n sì dùn. Sirtema gan-an ni mo máa ń rà nígbà tí mo bá fẹ́ sè fún èrò púpọ̀. Ṣùgbọ́n Bonnotte kọ́ ni wọ́n. Ẹ wá orúkọ Bonnotte fúnra rẹ̀ lára àpótí kẹ́ ẹ tó mú owó jáde.

Lẹ́yìn orúkọ, ó kan ojú àti ọwọ́. Bonnotte kì í tóbi. Ó máa ń rí róbótó, ṣùgbọ́n róbótó tí kò dọ́gba ni, bíi pé ẹni tó mọ ọ́n ń kánjú, ojú rẹ̀ sì jin wọnú. Èyí tó bá gùn gbọọrọ, tí ara rẹ̀ dán bí ẹyin, kì í ṣe òun. Ẹ má sá fún èyí tí yanrìn ṣì wà lára rẹ̀. Yanrìn yẹn ń ṣọ́ ọ ni. Èyí tí wọ́n ti fọ̀ tó ń dán lórí àtẹ ti ń kú lọ. Èyí tó bá ní àwọ̀ ewéko lára ní tiẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ pátápátá, ìmọ́lẹ̀ ti bà á, májèlé sì ti ń kóra jọ síbẹ̀.

Ìdánwò tó gbẹ̀yìn rèé. Ìyá kan wà tí mo ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjà Talensac níbí ní Nantes. Bó bá ti rí mi lókèèrè, á ti mú ẹyọ kan jáde nínú àpótí, á gbọn yanrìn ara rẹ̀ nù mọ́ épírọ́ọ̀nù, á wá fi àtàǹpàkò rẹ̀ nù ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èèpo náà á ká jọ lábẹ́ ìka rẹ̀ wìnnì-wìnnì, ó fẹ́lẹ́ ju bébà lọ, ara pọ̀tétò á yọ lábẹ́ rẹ̀, àwọ̀ ìyeyè tó ṣí díẹ̀, ó tutù, ó ń dán fún omi. Kì í sọ̀rọ̀, á kàn gbé e sókè fún mi wò. Bí èèpo bá ṣí báyẹn, wọn ò tíì wà á pẹ́. Bó bá lẹ̀ mọ́ ara, tó jẹ́ pé èékánná lẹ máa fi họ ọ́, ẹ dá a padà sínú àpótí. Kẹ́ ẹ rántí o, ẹni tó ni ọjà ló ń ṣe ìdánwò yìí tàbí kó fọwọ́ sí i. Ẹ má lọ máa họ pọ̀tétò ọlọ́jà kiri, kí wọ́n má bàa ní àwa Adúláwọ̀ ti dé.

Ẹ yan èyí tí ìtóbi wọn dọ́gba. Ìmọ̀ràn yìí dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i lójú iná. Ní ti iye, 200 sí 250 gíráàmù tó ẹnì kan. Ẹ má rà ju èyí tẹ́ ẹ máa jẹ láàárín ọjọ́ méjì lọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń ṣe wá bákan láti ra nǹkan ní ìwọ̀n tó kéré báyẹn, àwa tá a ń ra iṣu ní òkìtì. Ẹ ṣáà fara dà á.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ rà á lórí erékùṣù fúnra rẹ̀, ọ̀nà méjì ló wọbẹ̀. Afárá wà, ó ti wà láti 1971, ẹ gba orí rẹ̀ kọjá nígbà tó bá wù yín. Ọ̀nà kejì ni wọ́n ń pè ní Gois, òpópónà tó tó kìlómítà mẹ́rin tó gba inú òkun kọjá. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni omi máa ń bò ó mọ́lẹ̀ tí ẹ ò ní mọ̀ pé ọ̀nà kan wà níbẹ̀ rí. Wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú ìgbà tí òkun bá fà tán, sí wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ni wọ́n ní kéèyàn fi gbà á. Wọ́n lẹ àkókò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ etí ọ̀nà. Òpó gíga wà káàkiri lójú ọ̀nà náà fún ẹni tí omi bá ká mọ́, kó gùn ún títí tí òkun á tún fi fà. Ọkọ mi ní kí a gba ibẹ̀ nígbà tá a kọ́kọ́ lọ. Èmi ò bá omi ṣeré, afárá ni mo gbà. Ẹ̀yin náà, ẹ gba afárá, àgàgà bẹ́ ẹ bá gbé ọmọdé dání.

Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá lójú ẹsẹ̀. Nínú ọ̀rá, á láàgùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti ibi ojú rẹ̀. Inú àpò bébà ni kó wà, kẹ́ ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì níbi tẹ́ ẹ ń kó ẹ̀fọ́ sí, tàbí ibi tó ṣókùnkùn tó sì tutù. Ẹ má tíì fọ̀ ọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á ló dáa jù láti jẹ ẹ́. Ọjọ́ kejì ò burú. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, èmi kì í gbé e síwájú àlejò mọ́.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́ wá. Ẹ gbé ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a kì í bẹ Bonnotte. Ẹ ṣàn án lábẹ́ omi ẹ̀rọ kí yanrìn kúrò, ẹ má rẹ ẹ́ sínú omi. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ aṣọ ìnuwọ́ mímọ́ kan tó nípọn, ẹ kó pọ̀tétò sí àárín rẹ̀, ẹ bu iyọ̀ oníhóró ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, kẹ́ ẹ wá kó etí aṣọ náà jọ bí ẹni tó ń di ẹrù. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì pa á pọ̀ nínú aṣọ náà, ẹ máa yí i, kó máa gbún ara wọn fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ẹ ó gbọ́ tí iyọ̀ ń họ ọ́ hàrà-hàrà. Ìṣẹ́jú kan tó. Tẹ́ ẹ bá tú u, èyí tó bá yẹ kó lọ lára èèpo ti lẹ̀ mọ́ aṣọ, èyí tó kù fẹ́lẹ́ débi pé ẹnu ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan sí i kí iyọ̀ kúrò, ẹ nù ún gbẹ. Gbígbẹ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àpọ́nlé bó bá jẹ́ pé inú bọ́tà ló ń lọ.

Ọ̀nà méjì ni mo ń gbà sè é. Àkọ́kọ́ ni omi, òun ló rọrùn jù. Ẹ kó pọ̀tétò sínú ìkòkò, ẹ bu omi tútù lé e kó bò ó díẹ̀, iyọ̀ gíráàmù 10 sí lítà omi kan, ẹ gbé e kaná. Omi tútù la fi ń bẹ̀rẹ̀, kí iná lè wọ inú rẹ̀ bó ṣe ń wọ ara rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá jù ú sínú omi tó ń hó, èèpo á fọ́ kí àárín tó jinná. Tó bá ti hó, ẹ dín iná kù, kó máa rọra hó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú 12 sí 15. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kékeré gún ẹyọ kan: bí ọ̀bẹ bá wọlé láìfipá, tí pọ̀tétò náà kò sì tú, ó ti tó. Ẹ sẹ omi rẹ̀ dà nù kíá, ẹ dá pọ̀tétò padà sínú ìkòkò gbígbóná náà láìbò ó, kí ooru gbé ìyókù omi lọ. Bọ́tà oníyọ̀ ṣíbí kan, ẹ mi ìkòkò, ó parí.

Ọ̀nà kejì lèmi fẹ́ràn, òun la sì ń lò níbi iṣẹ́. Páànù tó wúwo, tó fẹ̀ tó kí gbogbo pọ̀tétò lè jókòó sílẹ̀ láìgun orí ara wọn. Bọ́tà oníyọ̀ tó dáa, pẹ̀lú òróró ṣíbí kékeré kan kí bọ́tà má bàa jóná. Iná kékeré. Tí bọ́tà bá ti yọ́ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ru fọ́ọ́mù, ẹ kó pọ̀tétò tó ti gbẹ sí i, ẹ dé e. Láti ibẹ̀ lọ, ẹ má fi ṣíbí kàn án. Ẹ di ọwọ́ páànù mú, ẹ máa mì í ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta, kó máa yí fúnra rẹ̀. Omi ara rẹ̀ ló ń sè é lábẹ́ ìdérí. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, òórùn á yí padà, ẹ ò ní í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣí ìdérí, ẹ fi iná kún un díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ara rẹ̀ lè pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbi kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ìtóbi wọn kò bá dọ́gba, ibi yìí lẹ ó ti rí i: àwọn kéékèèké á ti gbẹ, àwọn ńlá á ṣì máa le láàárín.

Iyọ̀ ìkẹyìn dìgbà tó bá ti dé inú àwo. Noirmoutier kan náà ni wọ́n ti ń kó iyọ̀ nínú adágún omi òkun tí oòrùn ń fà gbẹ. Èyí tó léfòó sójú omi, tó fúyẹ́, tó sì ń rún lẹ́nu, ni wọ́n ń pè ní fleur de sel. Ìwọ̀nba ìmúlọ́wọ́ díẹ̀ lẹ ó wọ́n lé e, kẹ́ ẹ sì jẹ ẹ́ kó tó yọ́. Àwọn Faransé máa ń ní ó ń ta bí iyọ̀, bí ọsàn wẹ́wẹ́, bí èso igi inú igbó wọn. Lẹ́nu tèmi, ẹ̀pà tútù tí wọ́n sè pẹ̀lú èèpo rẹ̀ ló jọ, èyí tí a ń pa jẹ nígbà òjò, pẹ̀lú adùn tó ń ti ẹ̀yìn yọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àbúrò ọkọ mi wá kí wa láti Kútọnu. Mo ti fọ pọ̀tétò sílẹ̀, mo ní kí n lọ wẹ̀. Nígbà tí mo fi máa jáde, òróró ti ń gbóná nínú agbada, Opéléńgẹ́ ti mú ọ̀bẹ, ó fẹ́ gé e ní gígùn-gígùn fún dídín. Bẹ́ẹ̀ ni èmi kò lè gbó ọmọ ọkọ lẹ́nu. Mo ní, “Opéléńgẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Ẹ jẹ́ kí n din pọ̀tétò mìíràn fún yín, iye tó bá wù yín.” Wọ́n ní, “Ìyàwó wa, kí ló wà lára èyí tí a kò lè dín?” Mo ní kí wọ́n dín ẹyọ kan wò. Wọ́n dín in. Ó dúdú lẹ́yìn kó tó gan, ó sì rọ̀ jọ̀pọ̀tọ̀ nígbà tó tutù. Ṣúgà tó pọ̀ nínú pọ̀tétò tí kò tíì gbó ló ń tètè jóná nínú òróró, omi ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kó gan. Pọ̀tétò tó gbó, tó gbẹ, tó ní sítáàṣì dáadáa, òun ló yẹ fún agbada. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ ká gún un tàbí ká fi ṣe àsáró: kì í fọ́ kó sì fẹ̀, á kàn máa fà lẹ́nu ni. Opéléńgẹ́ jẹ èyí tí mo fi bọ́tà sè, wọ́n ní ó dùn, ṣùgbọ́n àwọn ò lè sanwó rẹ̀. Mi ò bá wọn jiyàn.

Ohun tí a ó fi jẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹja inú òkun ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀, àgàgà sole, ẹja pẹlẹbẹ yẹn, tí wọ́n fi bọ́tà yan. Ẹran àgùntàn náà bá a mu. Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè ata. Ẹ ṣe ata, kò sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ má ṣe é. Èmi náà ò lè jẹun tán láìfi ata kan ẹnu. Ṣùgbọ́n inú àwo kékeré lọ́tọ̀ ni kó wà, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ jẹ márùn-ún tàbí mẹ́fà lófìfo pẹ̀lú iyọ̀ àti bọ́tà. Ọbẹ̀ ata tó ní irú àti epo á bo gbogbo ohun tẹ́ ẹ sanwó fún mọ́lẹ̀ ní òkèlè kan. Bó bá ṣẹ́ kù, ẹ má gbé e sínú máíkíróweéfù lọ́jọ́ kejì. Ẹ gé e ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi fínígà díẹ̀, òróró àti àlùbọ́sà eléwé sí i, ẹ gbé e pamọ́. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyin sísè.

Àwọn kan ti ní kí n fi díẹ̀ ránṣẹ́ sílé kí wọ́n gbìn ín ní Kétu. Yàtọ̀ sí pé a kì í ti irúgbìn bọ àpò kọjá ẹnubodè láìgbàwé àṣẹ, ilẹ̀ wa móoru jù fún un. Tí òru bá móoru, pọ̀tétò òyìnbó á hu ewé yẹtuyẹtu, kò sì ní ta. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé orí òkè Plateau, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù, ni èyí tó pọ̀ jù ní Nàìjíríà ti ń wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, pọ̀tétò Jos yẹn ni kẹ́ ẹ fi dán ohun tí mo kọ yìí wò. Ní àsìkò tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wà á, ẹ bẹ ìyá tó ń tà á ní Bódìjà tàbí Mile 12 kó ṣa àwọn wẹ́wẹ́ tí èèpo wọn ti ń ṣí fúnra rẹ̀ fún yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ wọn nítorí wọ́n kéré láti bẹ, owó wọn sì máa ń wálẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ fọ̀ wọ́n nínú aṣọ bí mo ṣe wí, ẹ gbé wọn sínú bọ́tà lórí iná kékeré, kẹ́ ẹ dé e. Bí bọ́tà bá wọ́n, òróró ẹ̀pà tó dáa pẹ̀lú bọ́tà ṣíbí kan lẹ́yìn tó bá jinná ti tó. Èyí tó bá tóbi ju ẹyin adìyẹ lọ, ẹ là á sí méjì, kẹ́ ẹ dojú ibi tẹ́ ẹ ti là á bo páànù, kẹ́ ẹ sì fi ìṣẹ́jú márùn-ún lé àkókò rẹ̀.